Sí Àwáwù, Tí Wọ́n Ń Kí Ní "Kú Ìsinmi" Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀mù-Àrán

Àwáwù Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ẹ̀sìẹ́ láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Ara wa le níbí. Ẹsẹ̀ tí ń dun bàbá rẹ ti ń fúyẹ́, ó ti ń rìn dé mọ́ṣáláṣí láìmú ọ̀pá.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ pé mo kọ̀wé. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ yín kò jìnnà tó ohun tí à ń kọ lẹ́tà sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ìwọ a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nítorí ará ilé, èmi a máa ké "Kí lo wí?" títí káàdì mi yóò fi tán. Bí mo bá sì tún gbéra wá, lẹ́yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá níjẹta, wọ́n á ní ìyá ìyàwó wá jà. Ìwé kì í pariwo. Ọkọ rẹ ni n óò fi rán bó bá kọjá lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ó bá tú u wò, kí ó rí i pé òun kà á parí, nítorí ó kan òun náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Nínú gbogbo ìdílé wa, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ Èkó wá bá nílé láìjẹ́ pé ó wọkọ̀ lọ sí Èkó. Ilé iṣẹ́ tí ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí o máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà wọn láti orí kọ̀ǹpútà, kí o sì máa bá wọn yanjú rẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, tí mo mọ ìṣirò ju bí mo ti mọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà mi. Ẹni tó wá gba búláòsì gbọ́ ọ, ẹni tó wá pààrọ̀ síìpù tó bàjẹ́ náà gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò fi oṣù mẹ́ta wò ọ́ kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé pé o ti di òṣìṣẹ́ àwọn. Oṣù kẹta náà la wà yìí. Ọ̀gá rẹ sì ti kìlọ̀ fún ọ pé o máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ inú iyàrá rẹ ni ibi iṣẹ́ ọ̀hún wà.

Mo fojú ara mi rí bí òwúrọ̀ rẹ ṣe ń rí. Mo jókòó sórí ẹní nínú iyàrá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wà lọ́dọ̀ yín. Ìwọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àwọ̀sùn wà lára rẹ, kọ̀ǹpútà wà lórí itan, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́rọ̀ wà létí. Ìyá ọkọ rẹ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, kú ìsinmi o."

O ní, "Ẹ ṣé, mà."

"Níwọ̀n bí o ti wà nílẹ̀, bá mi máa wo ẹ̀gúsí tí mo sá sábẹ́ fèrèsé. Ewúrẹ́ Ìyá Rábì ò gba ìkìlọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnìkan ń bẹ lórí..."

"Kò gba agbára. Ojú lásán ni wàá fi máa wò ó."

Ni o bá ń fi ojú kan wo kọ̀ǹpútà, tí o ń fi ojú kan wo ẹ̀gúsí. Nígbà tí ewúrẹ́ dé lóòótọ́, o fò dìde, o lọgun "Ṣíọ̀!" sétí oníbàárà. Ẹ̀rọ bọ́ létí rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn tí ń han nínú rẹ̀: "Àǹtí, ṣé èmi lẹ ń lé ni àbí ewúrẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, má bínú. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Mo padà dé Ọ̀mù-Àrán ni o pè mí, tí o ní, "Ìyá mi, ẹ̀gúsí kọ́ ló dùn mí, 'kú ìsinmi' yẹn ni. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́." O ní o fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Òrò, kí wọ́n lè máa rí ọ pé o ti ilẹ̀kùn, o gbé báàgì kọ́ apá, o sì jáde lọ ṣiṣẹ́. O ní bí kò bá sí ṣọ́ọ̀bù, o ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ nílé ọkọ.

Àbẹ̀kẹ́, má fi í sílẹ̀. Má sì gba ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ fún ọ: owó ilé ọdún kan tí wọn yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán tí wàá máa rà nítorí o ò sí nílé. Bí a bá pín in sí oṣooṣù, ó ju ìdajì owó oṣù rẹ lọ. Ìkíni tí à ń fowó rà ti wọ́n jù fún mi.

N kò sọ fún ọ rí bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé. O dáyé bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, o rò pé ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Nígbà tí mo gba fìrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó, kò sí owó ṣọ́ọ̀bù, inú iyàrá la gbé ẹ̀rọ sí. Mo wá fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́ ìyàwó rere tán kí n tó di télọ̀. Bí mo bá kírun àsùbáà, n óò gbá gbogbo agboolé, n óò pọnmi, n óò sì kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà láti ojúlé dé ojúlé. Ìtàn sì wà lẹ́nu oníkálukú wọn: èyí ò rí oorun sùn, èyí lá àlá, ọmọ èyí ò tíì ránṣẹ́ láti Àbújá. N kò mọ bí a ṣe ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí àgbà ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Kí n tó débi iṣẹ́, oòrùn ti mú orí páànù, òógùn ọwọ́ mi ti ń kán sórí léèsì olówó.

Nígbà tó sú mi, mo ṣe àṣìṣe kejì, tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dákẹ́, mo tilẹ̀kùn. Àárọ̀ ni mo máa ń gé aṣọ, aṣọ gígé ò sì ní ariwo bíi ẹ̀rọ. Ó dà bíi kọ̀ǹpútà tìrẹ yẹn: orí ló ń ṣiṣẹ́, ará ìta ò gbọ́ nǹkan kan. Kò pẹ́ ni Ìyá Àgbà, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé wa nígbà náà, kanlẹ̀kùn. Wọ́n gbé igbá àgbo lọ́wọ́.

"Ìyàwó, a ti mọ̀. Má fi í pamọ́ fún wa mọ́."

"Kí lẹ mọ̀, mà?"

"Ta ní ń tilẹ̀kùn sùn láàárọ̀ bí kò ṣe aboyún? Gbà, mu ún. Yóò jẹ́ kó dúró."

"Mà, mi ò lóyún."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí. Mu ún kó tó tutù."

Ta ni èmi, ìyàwó tuntun, tí n óò da àgbo nù lójú Ìyá Àgbà? Mo mu àgbo oyún láìlóyún. Inú mi sì yí títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá wọn, mo ní, "Aṣọ ni mò ń gé, mà." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní, "Aṣọ? Ta ló rí ọ?"

"Ta ló rí ọ" yẹn ló là mí lójú. Ohun tí a bá bá èèyàn nídìí rẹ̀ la fi ń kí i nílẹ̀ wa. Ẹni tó jókòó, a ní kú ìjókòó; ẹni tó ti ọ̀nà dé, a ní kú àbọ̀; ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú wa là ń kí ní kú iṣẹ́. Ojú ló ń kọ́ ẹnu ní ìkíni. Ìyá ọkọ rẹ ò bú ọ. Ojú wọn rí ọmọbìnrin kan nínú aṣọ àwọ̀sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ ohun tó rí fún ẹnu. Èmi tí mo bí ọ, bí mi ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni n óò kí ọ?

Lọ́jọ́ kejì, mo fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn kí n tó jáde lọ kí àwọn àgbà. Ìyá Àgbà fọwọ́ kàn án, wọ́n ní kí lèyí? Mo ní, "Iṣẹ́ ló ń dúró dè mí, mà." Wọ́n ní, "Yára dìde, kí iṣẹ́ rẹ má bàa pẹ́." Bó ṣe parí nìyẹn! Téèpù tí kò ju okùn lọ. Bí ó bá wà lọ́rùn mi, télọ̀ ni mí. Bí mo bá ti bọ́ ọ, wọ́n mọ̀ pé mo ti di ìyàwó ilé padà. Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá ti kan ọrùn mi, ọwọ́ mi á yá.

Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkínní, wẹ̀ kí o sì wọ aṣọ tí o lè wọ̀ lọ sí báńkì, àní bí ẹnikẹ́ni ò bá ní rí ọ nínú kọ̀ǹpútà. Fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ yẹn kọ́ ọrùn, kí o wá jáde lọ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá bá ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kíni ló máa ń yan ìgbà tí ìkíni yóò parí. Kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ọmọdé wà níbí, n kò lò ó mọ́; ọkọ rẹ yóò dè é mẹ́yìn ọ̀kadà. Gbé e síbi tí ẹni tó bá ń kọjá yóò ti rí ojú rẹ, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà.

Èkejì, òwúrọ̀ lọjọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ la ti ń ṣe òwúrọ̀. Omi tí wàá fi wẹ̀, aṣọ tí wàá wọ̀, ẹ̀wà tí wàá sè, kí gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí o tó sùn. Iná ìjọba kì í sọ ìgbà tó ń lọ: bí ó bá ti dé, fi kọ̀ǹpútà àti fóònù sí i lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n kún. Nígbà tí mo ń ránṣọ Iléyá, èmi a ti ki òwú sábẹ́rẹ́, n óò ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́, kó má di pé mò ń wá òwú nígbà tí ara mi yá jù.

Bí o bá kírun àsùbáà tán, má padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Oorun ìgbà yẹn dùn, ṣùgbọ́n ó gbówó lórí. Ìgbà yẹn ni kí o mu ẹ̀kọ rẹ, kí o ronú ohun tó le jù tí ń dúró dè ọ́. Má sì ṣí fóònù. Mo mọ ohun tí wàá sọ, òótọ́ sì ni: èmi wà lára àwọn tí ń fi òwúrọ̀ rẹ ṣòfò. Àdúrà tí mo ń fi ránṣẹ́, àwòrán òdòdó, fídíò ọmọdé tí ń jó, tí n óò tún pè láti bi ọ́ bóyá o ti rí i. Mo ti jáwọ́. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, o ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́ títí wàá fi ṣíwọ́. Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́, torí ohùn rẹ ni mo fi ń mu tíì.

Bí o bá sì ṣíwọ́, ṣíwọ́ lóòótọ́. Bọ́ ẹ̀rọ lọ́rùn, pa kọ̀ǹpútà dé, jáde. Jókòó ti ìyá ọkọ rẹ, kí ẹ jọ máa bó ẹ̀gúsí, kí ẹ jọ máa ṣépè fún ewúrẹ́. Ẹni tí kò ní ìgbà ìṣíwọ́, ará ilé rẹ̀ kì í gbà pé ó ní ìgbà iṣẹ́.

Lúkúmọ̀nù ọmọ mi, tí o bá ti tú lẹ́tà yìí, ibi tó kàn ọ́ rèé. Tíṣà ni ọ́, agogo ni wọ́n ń lù fún ọ ní ilé ìwé. Kò sí ẹni tó ń lu agogo fún ìyàwó rẹ. Pọn omi kí o tó jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá rán an níṣẹ́ láàárọ̀, ìwọ ni kí o dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín. O ṣeun.

Àwáwù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ sìn mí dé ọ̀nà lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Àwáwù, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú."

"Ẹ bi mí, àna mi."

"Owó tí ń wọlé fún ọmọ wa nínú kọ̀ǹpútà yìí, kì í ṣe irú ti àwọn ọmọ yàhúù? Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Á máa bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan."

Ara mi gbóná. Ọmọ tèmi? Mo fẹ́ já ọwọ́ mi gbà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, kò sí ìbínú níbẹ̀, ẹ̀rù ni. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, orúkọ ilé wọn sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí ẹ̀gúsí fi máa ń wà lábẹ́ fèrèsé rẹ lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Ilẹ̀kùn tí a bá tì, ẹnu ayé ló ń bá wa ṣí i.

Àbẹ̀kẹ́, èsì tí mo fún wọn ti wà lọ́kàn mi láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn tí o lé ewúrẹ́ tán, o gbé ẹ̀rọ padà sétí. Ọkùnrin náà ti ń bínú tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbé fún un ti fọ́ nínú páálí. Mo gbọ́ ọ tí o ń wí pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín. Orúkọ mi ni Àwáwù. Bí òmíràn ò bá dé ọ̀dọ̀ yín, èmi ni kí ẹ bèèrè." Ó jọ pé ó bi ọ́ léèrè ewúrẹ́, o wá bú sẹ́rìn-ín: "Ó ti lọ, sà. Ó ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀." Mo dojú kọ ògiri kí o má bàa rí mi. Ìwọ tó jẹ́ pé bí oníbàárà bá wá pariwo lé mi lórí nítorí aṣọ Iléyá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wàá sá sí. Ìwọ lo wá di ẹni tí ń mú inú àlejò rọ̀, láì rí ojú rẹ̀, láì fi irọ́ kan kún un. Gbogbo ìgbà tí mo fi ránṣọ, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà mo ní, "Àna mi, mi ò ní búra fún yín. Ẹ gbé àpótí yín, ẹ lọ jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan."

"Èmi? Mo gbọ́ kọ̀ǹpútà ni?"

"Ẹ gbọ́ Yorùbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọjọ́ wo? Mo ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo ti dáhùn fún ọ, mi ò sì bi ọ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ kí ọjọ́ tó pé. Bí òfin wọn ò bá gbà kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà, ohùn tìrẹ nìkan ni kí àna mi gbọ́, ó tó.

Bí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Ajé, gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Má gbé ohùn rẹ sókè nítorí wọn, má sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan, dá wọn lóhùn nígbà tí ẹni orí ẹ̀rọ bá lọ. Bí oorun bá sì gbé wọn lọ lórí àpótí, má jí wọn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sùn.

Èmi ìyá rẹ, tí orí rẹ̀ ń wú,
Ìyá Àwáwù.